Ẹni Tó Ń Kan Pákó

Ìbítóyè kì í fẹ̀yìn ti ohunkóhun mọ́. Bó bá wọ ilé onílé, àárín ilé ló ń gbé àpótí ìjókòó sí, kí ògiri má bàa sún mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Ekinrin-Adde, bẹ́ǹṣì tí kò ní ẹ̀yìn ló máa ń wá lọ. Àwọn ará ìlú rò pé ibi tó fi ṣèṣe nígbà tí ọkọ̀ dojú dé ló ṣì ń dùn ún. Ó jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tó ń sá fún gan-an kò ṣeé ròyìn.

Dẹ́rẹ́bà ni tẹ́lẹ̀. Lọ́rì onípákó kan ló ń wà láàárín Kabba àti Lokoja fún oníṣòwò kan tó ń ra òwú. Ẹrù ni wọ́n ní kó máa kó, ṣùgbọ́n èrò a máa jókòó sórí ẹrù. Bí èrò bá dé ibi tó ń lọ, yóò fi ìka kan pákó tó wà lẹ́yìn orí dẹ́rẹ́bà, kò, kò, ọkùnrin tó ń dúró nídìí ọkọ̀ yóò sì pariwo pé, "Ó ń bọ́ọ́lẹ̀ o!" Bí gbogbo ọkọ̀ ojú ọ̀nà yẹn ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó kà á sí nǹkan bàbàrà.

Nígbà òjò ọdún 1953, ibà dá ọkùnrin ìdí ọkọ̀ náà dúró sí Lokoja. Ìbítóyè nìkan ló wakọ̀ padà bọ̀. Ojú ọ̀run ti ṣú, ó sì fẹ́ gun òkè tó wà lẹ́yìn oríta Ayewa kí ilẹ̀ tó rọ̀. Obìnrin kan wà lára àwọn èrò tó ń jẹ́ Theresa, ọmọ Bùnú láti Ayewa, tó lọ ta aṣọ tí ìyá rẹ̀ hun. Oríta náà ló yẹ kó sọ̀ sí. Bí wọ́n ṣe ń dé ibẹ̀ ni òjò bẹ́ sílẹ̀, tó ń lu orí ọkọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta sí i. Ìbítóyè kò gbọ́ nǹkan kan. Ó kọjá oríta, ó ń gun òkè, etí ọ̀nà sì ya lábẹ́ táyà. Lọ́rì yí wọ inú kòtò. Àwọn èrò yòókù jáde pẹ̀lú ọgbẹ́ àti eegun tó ṣẹ́. Theresa kò jáde.

Àwọn ọlọ́pàá wo ọ̀nà, wọ́n ní òjò ló bà á jẹ́, wọn kò sì fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ìbítóyè ì bá gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n ní ọsibítù, obìnrin kan tí apá rẹ̀ kán nínú ọkọ̀ náà wá kí i lórí ibùsùn. Kò ní ìkà nínú, ó kàn ń sọ ohun tó rí ni.

"Theresa kan pákó títí," ló wí. "Ó kàn án títí ọwọ́ fi ń ro ó. Ó ní, 'Dẹ́rẹ́bà yìí kò gbọ́ o.' Ó tiẹ̀ tún ń rẹ́rìn-ín."

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún un. Ó mu ún, adùn rẹ̀ sì dé ọ̀fun rẹ̀, ó mọ̀ pé òun ṣì wà láàyè. Ìgbà yẹn gan-an ló gbọ́ ọ lẹ́yìn orí rẹ̀: kò, kò. Ó bojú wẹ̀yìn. Ògiri funfun ló wà níbẹ̀, kò sí pákó, kò sí ènìyàn.

Nígbà tó gbádùn díẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Rachel, ní Ekinrin-Adde. Àgbẹ̀ ni Olúbọ̀dé, ọkọ Rachel, iṣu àti kọfí ló ń gbìn. Wọ́n fún un ní yàrá àti ẹní tuntun. Ohun náà tẹ̀ lé e débẹ̀. Bó bá nà sórí ẹní tí ara rẹ̀ sì rọ̀, á gbọ́ ọ nínú ògiri. Bó bá jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìn iṣẹ́, tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i lójú, á gbọ́ ọ nínú igi náà. Bó bá gbàgbé ara rẹ̀ tó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú Olúbọ̀dé, kò, kò, yóò sì pa ẹnu dé.

Kò pẹ́ tó fi mọ ọgbọ́n rẹ̀. Ohunkóhun tó bá dẹ̀ ẹ́ lára ló ń pe ohun náà wá. Ìyà kì í pè é. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ nígbà tó bá ti tutù tó sì ti gan. Ó ká ẹní, ó ń sùn sórí ilẹ̀ lásán. Bí àwọn yòókù bá sá sábẹ́ òjìji lọ́sàn-án, yóò máa ro oko lọ nínú oòrùn. Ó fi ìyà ra ìdákẹ́jẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà sì ń wọ́n sí i lójoojúmọ́, nítorí pé àwọn nǹkan kékeré tí kò kà sí ìgbádùn tẹ́lẹ̀ ti ń di ìgbádùn: omi tútù, ẹ̀wù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, kí ènìyàn kàn mí kanlẹ̀.

Rachel ń wò ó. Ní ọjọ́ kan, ó gbé àwo kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì dúró tì í.

"Jẹ ẹ́ báyìí tó gbóná."

"Ẹ gbé e sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Màá jẹ ẹ́ tó bá yá."

"Bó bá yá, á ti di òkúta. Ìbítóyè, bí mo bá rí ẹni tó ń fún ajá ní irú ohun tí ò ń jẹ, màá bá a jà. Ta ni kí n bá jà lórí tìrẹ?"

Ó tẹjú mọ́lẹ̀ títí Rachel fi lọ.

Ọmọ Rachel tó kéré jù, Lucy, ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jáde. Ọmọbìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn kiri ni, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gun ẹ̀yìn Ìbítóyè láìròtẹ́lẹ̀, ó di etí rẹ̀ méjèèjì mú, ó sì ń dún bí ọkọ̀. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Ìbítóyè kó tó mọ̀. Ohun náà dún sí i lẹ́yìn, ó sún mọ́ ọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ẹni pé inú eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti kàn án. Ó fò sókè. Ọmọ náà já bọ́, ètè rẹ̀ sì gbá mọ́ òkúta, ẹ̀jẹ̀ ń jáde.

Rachel gbé ọmọ rẹ̀, ó nù ún, ó sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Kò pariwo mọ́ àbúrò rẹ̀. Nígbà tí Lucy dákẹ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní iwájú rẹ̀.

"Ó tó. Sọ ọ́ fún mi."

Ó sọ ọ́. Ó sọ ti obìnrin tó kán lápá, ti ẹ̀kọ, ti ògiri, ti igi. Ó rò pé Rachel yóò ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, pé kó lọ sinmi. Rachel kò wí bẹ́ẹ̀. Ó ti pe kátíkíìsì ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá gbàdúrà fún un rí, ó sì ti rí i pé àdúrà náà kò tíì yí nǹkan padà.

"O ti lọ rí àwọn ará ilé Theresa?" ló bi í.

"Kí n lọ sọ kí ni fún wọn?"

"N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ àti òkú nìkan lẹ ń bá ara yín sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Lọ bá alààyè sọ̀rọ̀."

Bó ṣe lọ nìyẹn. Bí a bá ní ká sọ òtítọ́, kò lọ tọrọ àforíjì. Ohun tó ń retí ni pé ẹnì kan yóò nà án níbẹ̀, tàbí kí wọ́n ṣẹ́ èpè fún un lójú, kí ìyà náà sì pé. Ó kọjá ní Kabba, ó mú ọ̀nà Bùnú, nígbà tó dé oríta Ayewa ó fi aṣọ bo orí kọjá.

Ìyá Theresa, Yèyé Martha ni wọ́n ń pè é, wà nídìí òfì rẹ̀ tó fi ti ògiri lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aṣọ pupa ló ń hun, irú èyí tí àwọn ará Bùnú fi ń sin àgbà ọkùnrin. Obìnrin tín-ín-rín ni. Irun rẹ̀ wà ní dídì, ṣùgbọ́n ó wọ́, ìlà kan wá síwájú, òmíràn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Okun o, Yèyé," ni Ìbítóyè kí i, bí àwọn ará agbègbè náà ṣe ń kí ara wọn.

"Okun o. Ta nìyẹn?"

"Ìbítóyè ni orúkọ mi. Ekinrin-Adde ni mo ti wá. Èmi ni mo wa ọkọ̀ tó gbé Theresa."

Ọwọ́ ìyá náà dúró lórí òwú. Kò yíjú padà. Adìẹ kan kọjá láàárín wọn, ó ṣa nǹkan jẹ, ó sì lọ. Lẹ́yìn náà ìyá náà wí pé, "Jókòó."

Ó jókòó sínú oòrùn.

"Ṣé ibi tí mo tẹ́ ẹní sí nìyẹn? Bọ́ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sún mọ́ ògiri."

"Ó dáa báyìí, Yèyé."

"Mo ní sún mọ́ ògiri."

Ó sún mọ́ ọn. Yèyé Martha dìde, ó bu omi nínú ìkòkò, ó gbé igbá fún un. Omi náà tutù, ó sì mọ́. Láti àárọ̀ ni Ìbítóyè ti ń rìn. Bó ṣe gbé e mì, ohun náà dún nínú ògiri amọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: kò, kò. Omi dà sí i láyà.

"Kí lo gbọ́?"

"Kò sí, Yèyé."

"Má purọ́ fún mi nínú ilé mi. Ojú rẹ dà bí ojú ẹni tí wọ́n pè."

Nígbà náà ló ro gbogbo rẹ̀ fún un. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ní ìparí rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó wí pé, "Ẹ ṣe ohun tó bá wù yín fún mi. Bí èpè ni, ẹ ṣẹ́ ẹ."

Ìyá náà gbé igbá kúrò nílẹ̀.

"Ṣé o rò pé n kò tíì ṣẹ́ ẹ ni? N kò mọ orúkọ rẹ nígbà náà, dẹ́rẹ́bà ni mò ń pè ọ́. Ojoojúmọ́ ni. Ọ̀fun mi ló gbẹ, ọmọ mi kò sì padà wá. Dìde."

"Ẹ dárí jì mí."

"Àárọ̀ mìíràn a máa wà tí mo ti dárí jì ọ́. Àárọ̀ mìíràn sì wà tí n kò dárí jì ọ́. N kò ní tàn ọ́ jẹ." Ó padà jókòó sídìí òfì, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan òwú. "Wo orí mi."

Ìbítóyè wò ó.

"Theresa ló máa ń dirun fún mi. Nígbà tó lọ, mo fi orí sílẹ̀ títí iná fi kún un. Mo ní kí ló kù tí mo fẹ́ ṣe ẹwà fún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo bu omi láti bọ́jú, mo sì rí ìyá arúgbó kan nínú omi náà. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní, bó bá jẹ́ pé ìyá aládùúgbò mi lo jẹ́, ṣé màá rí ọ báyìí kí n sì kọjá lọ? Mo bá mú un jókòó, mo sì di irun rẹ̀. Kò gún. N kò rí ẹ̀yìn orí ara mi. Ṣùgbọ́n ẹnì kan dì í fún un."

Ó wá bi í ní ìbéèrè kan.

"Ẹni tó bá ń kan pákó nínú ọkọ̀, kí ló ń fẹ́?"

"Ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀."

"O ti dúró fún un rí?"

Ìbítóyè bojú wo ògiri lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó ń kàn, ò ń sá. Ò ń febi pa ara rẹ kí o má bàa gbọ́ ọ. Bóyá Theresa ni o, bóyá ìwọ fúnra rẹ ni, èmi kò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni yòówù kó jẹ́, o ti gbé e rìn jù. Dúró fún un. Bi í pé kí ló ń fẹ́."

Ó sùn ní Ayewa lọ́jọ́ náà. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá náà gbé iyán àti ọbẹ̀ síwájú rẹ̀, ooru ń rú lórí rẹ̀. Nígbà tó fi òkèlè kìíní sẹ́nu, ohun náà dún. Yèyé Martha rí ojú rẹ̀. Ìbítóyè gbé ọwọ́ sórí orúnkún, ó dúró. Kò sá jáde. Nígbà tí ohun náà dákẹ́, oúnjẹ ṣì gbóná, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Ó padà sí Ekinrin-Adde. Ẹ má ṣe jẹ́ kí n sọ pé ọ̀rọ̀ náà tán níbẹ̀, nítorí kò tán. Ó tilẹ̀ yí padà lọ́nà tó dẹ́rù bà á. Ní ọ̀sán kan, ó ń ro abẹ́ kọfí nínú oòrùn tó mú, kò sí ìgbádùn kankan nítòsí, ohun náà sì dún lára igi ọkọ́ tó dì mú. Kò tíì wá nígbà ìyà rí. Ó fẹ́ tẹra mọ́ iṣẹ́ kó lè bò ó mọ́lẹ̀. Ló bá rántí, ó sì dúró.

"Kí lo ń fẹ́?" ló bi í sókè.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ṣùgbọ́n bó ṣe dúró yẹn, ó rí ọwọ́ ara rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ìdí ọkọ́. Ètè rẹ̀ ti là. Kò tíì mu omi láti àárọ̀, kò sì mọ̀ títí di ìgbà yẹn. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo ọwọ́ èrò kan tó bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

"Okun o," ló wí. Ohùn rẹ̀ ṣàjèjì sí i. "Okun o, Theresa." Ó tún dúró. Èyí tó kù le ju ìyẹn lọ, kò sì rọrùn lẹ́nu rẹ̀. "Okun o, Ìbítóyè."

Ẹkún gbé e. Ó sunkún níbi tí kò sẹ́ni tó rí i, ó mu omi, ó sì lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi igbá. Bó ṣe dùbúlẹ̀, ó rí i tí koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà oko ń ya sọ́tùn-ún sósì, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń gba àárín rẹ̀ lọ. Atẹ́gùn kò fẹ́. Ó ń wò ó títí koríko náà fi dúró jẹ́ẹ́.

Láti ìgbà náà, bó bá gbọ́ ọ, á dúró. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò rí agbára rẹ̀, á tún padà sórí ilẹ̀ lásán, á tún fi oúnjẹ sílẹ̀ kó tutù. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń bú ara rẹ̀ lórí ìyẹn náà. Ní báyìí, ó kọ́ bí a ṣe ń sọ fún Rachel pé, "Ẹ̀gbọ́n, òní kò dára fún mi." Rachel á ní, "Ó dáa, jókòó síbí," á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nítòsí rẹ̀ láìbi í ní nǹkan kan. Ó tẹ́ ẹní rẹ̀ padà. Ó bẹ Lucy pé kó tún wá gun ẹ̀yìn òun. Lucy kọ̀ ọ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gùn ún.

Oníṣòwò Kabba tó ń ra òwú ránṣẹ́ sí i pé lọ́rì mìíràn ti dé, ṣé yóò wá wà á. Ìbítóyè ní òun kò lè wà á. Ojú kò tì í láti sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ rọ̀ fún iṣu gbígbìn lọ́dún kejì, ó lọ kọ ebè fún Yèyé Martha ní Ayewa. Ìyá náà ní ebè rẹ̀ wọ́, pé ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní ilẹ̀ Ìjùmú tiwọn nìyẹn. Wọ́n jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń jẹ iṣu sísun, oòrùn ń wọ̀. Ìbítóyè gbọ́ ọ, ó jìnnà, ó sì rọ̀. Kó tó gbé ọwọ́ kúrò lára iṣu, ìyá náà ti gbé orí sókè.

"Ìwọ lo kan nǹkan?"

"Rárá, Yèyé."

Wọ́n wo ojú ara wọn. Àwọn méjèèjì kọjú sí òfì, níbi tí aṣọ tí kò tíì parí wà. Òwú rẹ̀ ń mì díẹ̀, bí òwú ṣe ń mì bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kọjá lára rẹ̀.

"Dákẹ́," ni Yèyé Martha wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá. "Jẹ́ kó sọ̀."

Òwú náà dúró. Ìyá náà pa ojú dé, omi sì ń ṣàn jáde lábẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀. Nígbà tó là á, ó bù nínú iṣu tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó sì ní kí Ìbítóyè fi epo sí tirẹ̀, pé gbígbẹ rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Bóyá ó tún gbọ́ ọ lẹ́yìn ìgbà náà, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Rachel kò sì bi í.

Ní ọjọ́ ọjà kan ní Ekinrin-Adde, Ìbítóyè dúró níwájú obìnrin tó ń ta fìlà. Ó mú aláwọ̀ búlúù kan, ó dé e, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ní kí obìnrin náà gbé dígí fún òun. Wọ́n ná an títí ó fi já.

"Fìlà dáadáa nìyẹn," ni obìnrin náà wí. "Ta lẹ rà á fún? Ọkọ ẹ̀gbọ́n yín?"

"Rárá o. Ara mi ni mo rà á fún."

Òjò wínníwínní bẹ̀rẹ̀ bó ṣe kúrò ní ọjà. Àwọn ènìyàn ń sáré kó ẹrù wọlé. Ìbítóyè bọ́ fìlà náà, ó kì í bọ inú àyà ẹ̀wù rẹ̀ kó má bàa tutù, ó sì ń rìn lọ sílé ní ìwọ̀n tó wù ú.